Fóònù Ellen ní Ọjọ́ Sábáàtì

Láti kékeré ni Ellen ti mọ̀ pé bí oòrùn ọjọ́ Jímọ̀ bá ti ń wọ̀, iṣẹ́ parí. Bàbá rẹ̀, tíṣà ni ní Ìkẹ́nnẹ́, a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ojú ọ̀run. Tó bá ti wúkọ́ báyìí, kí oníkálukú gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ iyán tó kù díẹ̀ kó kúnná. Bàbá náà ti kú, Ellen sì ti lé lógójì ọdún, ṣùgbọ́n ikọ́ yẹn ṣì wà létí rẹ̀. Tí Jímọ̀ bá ti di ìrọ̀lẹ́, á pa fóònù rẹ̀, ó di ìgbà tí oòrùn Sátidé bá wọ̀ kó tó tún tàn án.

Ohun tí Alàgbà Ephraim rí lára rẹ̀ nìyẹn tó fi gbà á síṣẹ́. Alàgbà yìí ló ni ilé ìlọ oúnjẹ adìyẹ tó wà lọ́nà Ìròlù, òun náà ló sì ń kọ́ wọn ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì tí Ellen ń lọ. "Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run," ó wí lọ́jọ́ tó gbà á, "kò ní sọ ìwé mi nù." Ellen gbọ́, orí rẹ̀ wú.

Ìwé kún yàrá kan dé àjà nílé iṣẹ́ náà: ìwé àgbàdo tí wọ́n rà ní Simawa, èsì àyẹ̀wò oúnjẹ, ìwé àṣẹ ìjọba. Eku ń jẹ wọ́n, òjò ń rin wọ́n. Ellen ló ní kí wọ́n ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ọdún kan gbáko ló fi ń yọ pín-ìn-nì, tó ń fọwọ́ tẹ́ bébà tó ti ká, tó ń tì í sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ya ìwé, tó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ tí èèyàn á fi tètè rí i. Wọ́n wá ń sanwó fún ilé iṣẹ́ kan tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ellen bẹ Alàgbà pé kí wọ́n ra dísíìkì kan, kí wọ́n fi ẹ̀dà kejì pamọ́ sí i.

"Ilé méjì fún bébà kan ṣoṣo?" Alàgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ọba ni bébà ọ̀hún ni?" Kí Ellen tó ṣẹ́jú, ó ti kó àwọn ìwé gidi fún obìnrin tó ń dín àkàrà níwájú géètì. Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo àdúgbò ló ń fi ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ náà nu epo ọwọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Alàgbà ti pààrọ̀ káàdì báńkì rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, owó ìtọ́jú ìwé tó ń ti orí káàdì àtijọ́ lọ kò lọ mọ́. Gbogbo ìkìlọ̀ ń wọ inú ímeèlì tirẹ̀, èyí tí kì í kà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni èyí tó kẹ́yìn tó dé ọ̀dọ̀ Ellen: bí wọn kò bá sanwó kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, gbogbo ìwé náà á pa rẹ́. Ó sáré lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún mi ní nọ́ńbà káàdì tuntun yẹn. Kò ní pẹ́ rárá."

Alàgbà nawọ́ sí fèrèsé. "Ellen! O ò rí oòrùn ni? Ìwọ ọmọ tíṣà! Ká máa nájà wọnú Sábáàtì? Máa lọ sílé. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ọ."

Ojú ti Ellen pé òun ni wọ́n ń rán létí. Ó pa fóònù, ó wọ ọ̀kadà lọ sí Ìròlù, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Ní Sátidé, àwọn méjèèjì kọrin, wọ́n jẹ ìrẹsì tí wọ́n ti sè sílẹ̀, ara tù wọ́n.

Oòrùn wọ̀, ó tan fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wìtìwìtì. Alàgbà Ephraim pè ọ́. Alàgbà Ephraim pè ọ́. Láti ìgbà ìsìn òwúrọ̀ ni, kò dáwọ́ dúró. Ó tilẹ̀ gba ohùn sílẹ̀ sórí Wásáàpù, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, orin ìjọ ń dún lẹ́yìn rẹ̀: "Ellen, níbo lo wà? Gbé fóònù ẹ! Wá sanwó yìí. Ìwọ nìkan lo mọ páswọ́ọ̀dù ẹ̀. Jọ̀ọ́!" Ellen gbìyànjú láti wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn làwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ṣàyẹ̀wò, wọn kò rí ìwé kankan wò, wọ́n sì ti ilé ìlọ náà pa. Alàgbà ní Ellen ló ba òun láyé jẹ́.

"Sà, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa lọ sílé," Ellen wí.

"Mo pè ọ́, o ò gbé e. O fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ mi. Kó ẹrù ẹ."

Kì í ṣe iṣẹ́ tó bọ́ ló dun Ellen jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló fi ń ra oògùn ìyá rẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí ọkùnrin náà sọ òtítọ́ lọ, kódà kó jẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Alàgbà dìde níwájú ìjọ, ó nu ojú. "Arábìnrin wa Ellen pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí Sábáàtì. Ẹ wo bí ayé ṣe ń ṣe olóòótọ́! Ẹ jẹ́ ká dìde, ká gbàdúrà fún un."

Ayé, ó ní ayé ni! Bí ẹni pé ayé ló ni ilé ìlọ tó wà lọ́nà Ìròlù.

Ìjọ dìde gììrì. Ellen kò dìde. Ó mú fóònù nínú báàgì, ó sì tàn án, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Sábáàtì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó ṣí ibi tí àwọn ìpè Alàgbà tò sí, ó nà án sí Màmá Fẹ̀hìntọlá tó jókòó tì í, arúgbó tó bá bàbá rẹ̀ dá ìjọ náà sílẹ̀, tí orúnkún kì í jẹ́ kó dìde mọ́. Màmá gbé awò sójú. Ó ka orúkọ, ó ka ọjọ́, ó ka aago. Ó gbójú sókè wo Alàgbà, ó pẹ́ tó ń wò ó.

Màmá dá fóònù náà padà sí i lọ́wọ́.

"Pa á, ọmọ mi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Sábáàtì la wà."

Ó yíjú síwájú, ó sì bá àwọn yòókù ṣe Àmín.