Ilé Tí Wọ́n Ní Òkú Wà Lẹ́yìnkùlé Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ níbi ìfọṣọ lọ́jọ́sí nìyí: wọ́n ní Noreen Kuzyk, ajẹ́ntì tó máa ń bá àwọn èèyàn wá ilé ní Hamilton wa níbí, ti ta ilé tí òkú wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ fún ìdílé kan tó wá láti Filipínì. Wọ́n ní bàbá tó ni ilé ló sin ìyàwó rẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé náà fi wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rà á. Obìnrin tó ń sọ ọ́ ń ká tówẹ́ẹ̀lì, ó ń mi orí, àfi bí ẹni pé ìṣojú rẹ̀ ló ṣe. Ó tiẹ̀ ní ọlọ́pàá wá.

Ọlọ́pàá kankan ò wá o. Èmi wà níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá Noreen nu ilé kí wọ́n tó fi han oníbàárà, a sì ti jọ ń ṣe é tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an.

Ẹ má rò pé Noreen jẹ́ irú ajẹ́ntì tí wọ́n ń lẹ fọ́tò eyín funfun rẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì tí èèyàn ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Bàtà òjò ló máa ń wọ̀, inú ọkọ̀ rẹ̀ sì máa ń rùn bíi kọfí àná. Kó tó di ajẹ́ntì, bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń wà ní Ìsàlẹ̀ Ìlú, ní àdúgbò iléeṣẹ́ irin, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé. Ẹni tó bá ń gbé ọmọ lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, lọ́jọ́ oòrùn, lọ́jọ́ yìnyín, á mọ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ òrùlé rẹ̀, á mọ èyí tí omi ń wọ̀, á sì mọ ilé tí àgbàlagbà kan ń tọ́jú bí ẹyin.

Ilé rírà ti di ìjà ní ìlú yìí. Bí wọ́n bá gbé ilé kan jáde, wọ́n á dá ọjọ́ tí olúkúlùkù máa kọ iye tó fẹ́ san wá. Ẹnì kan ò ní mọ ohun tí ẹnì kejì kọ. Tó bá dìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹnì kan á yọ̀, àwọn tó kù á wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n á sunkún délé. Noreen kì í bá wọn lọ síbi tí èrò pọ̀ sí.

"Níbi tí gbogbo ayé bá ń sáré lọ, owó nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀," ló máa ń wí. "Owó àwọn tèmi kì í pariwo."

Ilé tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ nínú òkùnkùn ló ń wá kiri. Ilé tí ajẹ́ntì kọ pé yàrá méjì ni, nígbà tó jẹ́ mẹ́ta. Ilé tí ológbò ti tọ̀ sí gbogbo kápẹ́ẹ̀tì. Ilé tí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ rà á yẹ̀ lórí rẹ̀, tó wá padà sójú ọjà bí ìyàwó tí wọ́n dá padà sílé bàbá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn wá ń bi ara wọn pé kí ló ní lára. Á ní kí n tẹ̀ lé òun wọlé, kí n sọ ohun tí ọṣẹ àti omi gbígbóná lè ṣe níbẹ̀ àti èyí tó kọjá agbára wọn.

Ọ̀dọ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni Jovelyn Magsino wá. Jovelyn ń tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù, Rodel ọkọ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ gbé búrẹ́dì káàkiri. Lánlọ́ọ̀dù wọn ti ta ilé tí wọ́n ń gbé, ó sì ti ní bí ọdún iléèwé bá ti parí, kí wọ́n kó jáde. Wọ́n ti dá owó lé ilé lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí tó wá burú ni pé ìyá Jovelyn ń bá wọn gbé, orúnkún màmá náà ti kọṣẹ́, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ilé pẹrẹsẹ ni wọ́n nílò, òun gan-an sì ni gbogbo arúgbó tó ń kó wá láti Toronto ń dù.

"Àǹtí Noreen," ni Jovelyn wí lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀, "Màmá ní bí a ò bá rí ilé tí òun lè wọ̀, òun á padà sí Batangas, ìlú wa ní Filipínì. Kò sì sí ẹnì kankan tó kù fún un níbẹ̀. Òun nìkan ni yóò máa gbé."

Noreen yí rédíò sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó pè mí lórí fóònù. "Ṣìjú, gbé bàtà òjò ẹ. Ilé kan wà tó ti wà nílẹ̀ látìgbà òtútù, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án."

"Kí ló ṣe é?"

"Ohun tí mo fẹ́ lọ wò nìyẹn. Bíríkì ni, kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé ìdáná rẹ̀ sì jẹ́ méjì."

Àwa pẹ̀lú Jovelyn, Rodel àti màmá la jọ lọ. Ilé bàbá ará Ítálì kan ni. Ilé ìdáná òkè mọ́ bí ẹni pé wọn ò din ẹyin níbẹ̀ rí; ti abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń lò ní tòótọ́, tòmátì ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Mo fi èékánná họ ọ́, ó ṣí. Mo ṣẹ́jú sí Noreen pé kò sí wàhálà. Màmá ti wọlé láìsí ẹni tó gbé e. Ó lọ dúró lójú fèrèsé ẹ̀yìn, oòrùn ń tàn sí i lójú.

"Ibí ni màá gbé àga mi sí," ló wí. Ó wá wo ìta dáadáa. "Jovelyn, ta ni wọ́n sin síbẹ̀ yẹn?"

Gbogbo wa sáré lọ síbi fèrèsé. Òkìtì kan wà lẹ́yìnkùlé, ó gùn bí èèyàn tó nà gbalaja. Wọ́n to pákó lé e, wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì pupa kan bò ó, wọ́n sì dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé níbi orí.

Jovelyn fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. "Sàréè nìyẹn! Àǹtí, sàréè ni!"

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni fìlà rẹ̀," ni Rodel wí.

"Rodel, panu mọ́! Ṣé eré lèyí ni?"

Noreen fi imú mọ́ gíláàsì. "Ó lè jẹ́ òkú. Ó lè jẹ́ ọ̀dùnkún. Ta ló ti béèrè?"

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ará ìlú wa níbí, ìtìjú wọn pọ̀ jù. Gbogbo àwọn tó ti wá wo ilé yẹn ló rí òkìtì náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ilé yìí mà dáa o, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ. Kò sẹ́ni tó la ẹnu pé kí lèyí.

Noreen lọ bá Gord, ọkùnrin tó kó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà lọ́dún tó kọjá, lójú ọgbà. Ó ní kí ló wà nínú òkìtì yẹn.

Gord wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ o. Ìyàwó bàbá yẹn, mo ń rí i tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá mi ò rí i mọ́. Nínú oṣù kọkànlá ni mo wá rí bàbá tó ń gbẹ́ ilẹ̀."

"O wá bi í léèrè pé ìyàwó rẹ̀ dà?"

"Háà! Báwo ni màá ṣe béèrè irú ẹ̀?"

"Kí lo wá sọ fún àwọn tó wá wo ilé?"

Gord họ orí. "Wọ́n bi mí bóyá àdúgbò yìí dákẹ́. Mo ní ó dákẹ́ gan-an ni, pàápàá ẹ̀yìnkùlé yẹn."

Ẹ̀rín pa mí títí mo fi di ọgbà mú. Noreen ò rẹ́rìn-ín. Ó pe ajẹ́ntì tó ń ta ilé náà. Ìyẹn ní ìgbà tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀ lòun wá ya fọ́tò, òun ò mọ òkìtì kankan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n lọ bi onílé fúnra rẹ̀. Ó wá fi kún un pé ọkùnrin kan tó ń ra ilé láti gé e sí yàrá-yàrá fún ayálégbé máa mú owó wá lọ́jọ́ Ajé. Òkú ò bà á lẹ́rù, ó ní kọnkéré lòun máa dà sí ẹ̀yìnkùlé fún ọkọ̀.

"Owó ẹ̀ ju tiyín lọ," ni Noreen sọ fún Jovelyn lójú gbogbo wa. "Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n a ò tíì rí onílé."

Bàbá Donato Iafrate, onílé náà, la bá ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, níbi tó ti wà látìgbà tó ṣubú nínú òtútù, ó ń bó ọsàn. Noreen jókòó, kò fi ọ̀rọ̀ yí po. "Bàbá, kí ló wà nínú òkìtì tó wà lẹ́yìnkùlé yín? Àwọn èèyàn ń sọ pé ìyàwó yín ni."

Ọsàn jábọ́ lọ́wọ́ bàbá. "Ìyàwó mi? Assunta wà ní itẹ́ òkú ìjọ, òkúta orí rẹ̀ dán ju tábìlì yìí lọ! Ta ni òmùgọ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀? Igi ọ̀pọ̀tọ́ tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ gbìn nìyẹn!"

"Igi?" Jovelyn la ẹnu sílẹ̀.

"Òtútù ibí ò mojú ọ̀pọ̀tọ́, ọmọ mi, yóò pa á. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, màá gé gbòǹgbò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, màá di ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, màá tẹ̀ ẹ́ sínú kòtò, màá sì fi aṣọ bò ó kó sùn. Ṣé ẹ kì í bo ọmọ yín ni? Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo fi mọ ibi tí orí rẹ̀ wà." Ohùn rẹ̀ wá wálẹ̀. "Ó yẹ kó ti dìde báyìí. Bí ilẹ̀ bá gbóná lé e lórí, yóò rà sísàlẹ̀ ni. Mo sọ fún ọmọ mi obìnrin ní Calgary. Ó ní, Bàbá, wọ́n ń ta ọ̀pọ̀tọ́ ní ṣọ́ọ̀bù."

Jovelyn he ọsàn bàbá nílẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. "Bàbá, ọkọ mi lè hú u."

"Iṣẹ́ wo lọkọ ẹ ń ṣe?"

"Ó ń gbé búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì!" Bàbá gbójú sókè ọ̀run. "Ó dáa, ẹ wá ní Sátidé. Èmi náà á wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé búrẹ́dì nílò ẹni tó máa pariwo mọ́ ọn."

Ariwo náà ló sì pa. Wọ́n fi àga oníkẹ̀kẹ́ gbé e wá, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lórí itan rẹ̀, ó ń nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń darí ọkọ̀. "Rọra! Ṣé kòtò ilé ìyàgbẹ́ lo ń gbẹ́ ni? Gba apá òsì!" Rodel ti làágùn bí ẹni tí òjò pa. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó yọ pákó, ó fi ọwọ́ kó ewé gbígbẹ kúrò, ẹ̀ka igi náà sì yọ sí wa, wọ́n fi okùn dì í bí ìgbálẹ̀. Gord ti fo ọgbà wá.

"Ọ̀pọ̀tọ́ ni?"

"Kí lo rò pé ó jẹ́?" ni Noreen bi í.

Ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti tòmátì. Ó di okùn mú. Èmi, òun àti Noreen fà á, Rodel fi èjìká gbé e láti ìsàlẹ̀. Igi náà dún gbìrì, ẹ̀ka kan ké pá. Bàbá dìmú mọ́ àga. A dúró. Ó ní ká máa fà á lọ. Igi náà dìde, ó yẹ̀ díẹ̀, ó wá dúró. Wọ́n ti Bàbá Donato sún mọ́ ọn. Ó fi èékánná họ èèpo rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ tutù, ó ní àwọ̀ ewé; igi náà ò kú. Bàbá náà sunkún, kò fi pamọ́.

Ó wá wo màmá Jovelyn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa jókòó sí fèrèsé yẹn?"

"Bí ẹ bá tà á fún wa ni," ni màmá wí. "Ní Batangas, mo gbin ọsàn wẹ́wẹ́ yí ilé mi ká. Mi ò gé igi eléso rí."

Noreen sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin oníkọnkéré náà fún bàbá. Bàbá ní kí wọ́n bá òun pe Calgary. Gbogbo wa gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń jágbe pé ẹnì kan máa mú owó tó ju tiwọn wá lọ́jọ́ Ajé.

"Kó mú un lọ síbòmíràn," ni bàbá dá a lóhùn. "Kọnkéré ló fẹ́ dà sórí igi ìyá ẹ. Orúkọ mi ló wà lára ilé yìí, àbí tìẹ ni? Mo ti tà á."

Kí ajẹ́ntì rẹ̀ tó mu tíì ọjọ́ Ajé, bàbá ti fọwọ́ sí ìwé ilé. Magsino kó wọlé kí iléèwé tó parí, mo sì bá wọn họ tòmátì kúrò lára ògiri. Màmá ò lọ sí Batangas mọ́. Ojú fèrèsé ló ń wà látàárọ̀, ó ń bá Gord ṣàríyànjiyàn lórí koríko.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo gbọ́ níbi ìfọṣọ fún Noreen, inú bí mi ju òun lọ. Mo ní ó yẹ kó lọ bá obìnrin yẹn wí. Ó ń mu kọfí, fóònù rẹ̀ dún, ó kà á, ó sì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n máa sá, àyè á máa gbà wá," ló wí. "Ilé kan wà ní Orí Òkè tí wọ́n ní ó ń rùn débi pé ajẹ́ntì gan-an ò wọlé. Dìde, Ṣìjú, jẹ́ ká lọ fi imú ara wa gbóòórùn ẹ̀."