Páwà Tí Mo Rà Nítorí Ojú Màmá Mi

Òórùn ọ̀dà tútù ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi nímú bí mo bá rántí yàrá màmá mi ní Ìtàjí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, nítorí màmá mi ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, dókítà sì ti kìlọ̀ pé iná tó mọ́lẹ̀ jù kò gbọdọ̀ máa tàn sí wọn lójú. Iṣẹ́ iná ni mo kọ́. Mo pinnu pé iná tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí bíi rìbọ́nnì ni n ó fi yí àjà ká, irú èyí tí èèyàn lè yí bọ́tìnnì rẹ̀ kó rọra rọlẹ̀ títí yóò fi dà bí ìmọ́lẹ̀ ìdájí.

O mọ̀ pé irú iná bẹ́ẹ̀ kò ṣe é so mọ́ iná ilé ní tààrà. Ó ní páwà tirẹ̀, àpótí kékeré kan tó ń dín agbára iná kù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ páwà ni kì í jẹ́ kí iná rọlẹ̀; bí o bá yí bọ́tìnnì, ṣe ni iná yóò máa ṣẹ́jú. Mo wọn gígùn okùn iná náà, mo ṣírò agbára tí yóò lò, mo wá ra páwà tó gba yíyí, tó sì lágbára díẹ̀ ju ohun tí mo nílò lọ kó má baà máa gbóná. Ó pẹ́ kí n tó rí i. Nígbà tí iṣẹ́ pè mí lọ sí Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ní Ìkọ̀lé ni mo gbé gbogbo rẹ̀ fún kó bá mi so ó. Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí. "Ó ti tàn. Fọkàn balẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo dé, mo bá màmá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi gèlè bo ojú. Mo yí bọ́tìnnì, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo yọ pátákó àjà kan. Páwà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo rà.

"Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ọ̀rẹ́ ẹ mà ni. Mi ò fẹ́ ùjà láàárín ẹ̀yin méjèèjì."

Mo gun ọ̀kadà lọ bá a ní Ìkọ̀lé. Kò tilẹ̀ parọ́. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí òun ń ṣe iná rẹ̀ ní Ìfàkì ló nílò irú páwà náà ní kíákíá. "Mọ́mì ti dàgbà," ó ní, "wọn ò lè mọ ìyàtọ̀."

Ní gbogbo ọdún tí a fi kọ́ṣẹ́, iṣu àti epo tí màmá mi ń fi ránṣẹ́ ni àwa méjèèjì jọ ń jẹ. Ká ní kò mọ̀ ni, ǹ bá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó sí lọ́jọ́ tí ọ̀gá wa kọ́ wa bí a ṣe ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páwà.

Mo ra òmíràn, mo fọwọ́ ara mi so ó, màmá mi sì ká gèlè kúrò lójú. Èmi tí mo ti rò pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ni yóò bìkítà fún ẹni tó ń ṣe é fún, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ìkíní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì. Màmá mi ṣì máa ń béèrè ọ̀rẹ́ mi yẹn lọ́wọ́ mi. Mo máa ń ní ara rẹ̀ le. Ohun tó sọ nípa wọn ni n kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ rí.