Omi Àlùwàlá Lẹ́sẹ̀ Òdòdó

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Mboppi, ní Douala, ẹsẹ̀ mi sì ti ń bá mi jà tipẹ́. Bí mo bá délé, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀ àfi òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tó wà nínú garawa ọ̀dà ní fàráńdà wa, torí òun kì í fèsì.

Ọkọ mi ló gbìn ín. Látìgbà tí orúnkún ti dá a dúró sílé, kò ní nǹkan mìíràn tó ń wò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òdòdó náà á pupa fòò, àwọn tó ń kọjá á dúró wò ó, ọkọ mi á sì máa yangàn bí ẹni tó bí ìbejì.

Òjò Douala kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó kọjá, ó rọ̀ títí ara ògiri fi hu ewédò. Òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé. Ọkọ mi ò jẹun dáadáa mọ́. "Ara rẹ̀ ò yá," ló ń wí ṣáá.

Mo pe ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó létí títì. Ó ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀.

"Mama, ta ló ń bomi rin ín nínú òjò yìí?"

"Kò sẹ́nìkan."

"Irọ́ ni. Ẹja lè bímọ síbí."

Lọ́jọ́ Sunday, mo jókòó ṣọ́ ọ. Nígbà tí àkókò ìrun ọ̀sán tó, ọkọ mi ṣe àlùwàlá, ó da ìyókù omi inú bútà sẹ́sẹ̀ òdòdó. Ọmọbìnrin wa ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà dìde ṣe tèmi, mo sì ti na bútà síbẹ̀ kí n tó mọ̀. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́, èèyàn mẹ́ta, kí omi àlùwàlá má baà ṣòfò! Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ mí.

"Bàbá wọn, àwa la ń pa á."

"Omi àdúrà?"

"Omi ni omi. Òdòdó ò gbọ́ bisimilá."

A gé gbòǹgbò tó ti rà, a gbìn ín sínú iyanrìn, a gbé e wọ yàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ẹ̀gún rẹ̀ ti ń fa ìró mi ya.

"Níbo ni n ó wá máa da omi tèmi sí?" ni ọkọ mi bi mí.

"Gọ́tà. Ọlọ́run rí yín."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló là á já. Lánàá tí mo ti ọjà dé, ọkọ mi ò tiẹ̀ kí mi káàbọ̀. Ó ti gbé àga dí fèrèsé.

"Ẹ sún, kí n rí i."

"Ewé méjì péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. O ò lè dúró kó pọ̀?"

Mo bọ́ bàtà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo sì ń wo ewé méjì.