Orúkọ Tí Mo Kọ́ Ọmọ Náà

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé ní sáà kìn-ín-ní ni ọmọ náà gbé ìwé pélébé kan bọ̀ láti jẹ́léósinmi. Àǹtí wọn ti fi pín-ìn-nì há a mọ́ ọn láyà aṣọ, nítorí ó mọ̀ pé ohunkóhun tí èèyàn bá fi lé ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́, kò dájú pé yóò délé. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni, mo ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ níbi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé. Òjò ti pa mí dé ilé wa ní Ìlọrà. Báàgì ṣì wà léjìká mi tí mo fi kà á lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí wọn yóò kọ́ àwọn ọmọ ní sáà náà ló wà níbẹ̀, àti ohun tí àwa ará ilé yóò máa ṣe kún un. Kí a jẹ́ kí ọmọ máa wọ bàtà fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́. Kí ó máa sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun kó tó tọ̀ sára. Kí ó ka oókan dé ẹẹ́wàá, kí ó fa ìlà tó dúró àti ìlà tó dùbúlẹ̀, kí ó mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú. Èyí tó kẹ́yìn ni pé kí ó lè sọ orúkọ ara rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, kó lè jẹ́ pé bó bá sọnù, wọn yóò mọ ẹni tí wọn yóò dá a padà fún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọn yóò pe àwọn ọmọ síwájú kíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá sọ ọ́, kí àwọn òbí wá gbọ́.

Mo tẹjú mọ́ ìlà tó kẹ́yìn yẹn títí. Mo ká ìwé náà, mo fi í sábẹ́ aṣọ tábìlì.

Èmi kì í ṣe onísùúrù èèyàn. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ to fáìlì, tí ọ̀gá ti jágbe mọ́, kò yẹ kí wọ́n tún ní kó wá dúró ti ọmọ tó ń wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n mo dúró tì í. Ẹ̀lùbọ́ ni ìyá mi ń ṣe tà, nítorí náà mo da ẹ̀lùbọ́ díẹ̀ sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, mo di ìka ọmọ náà mú, a jọ ń fa ìlà nínú rẹ̀. Ìyá mi ní ṣé àwọn tíṣà ni yóò wá ra ẹ̀lùbọ́ tí a ti fi ìka hú. Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló kó gbodo, iṣu gbígbẹ tí a kò tíì lọ̀, sílẹ̀ fún un pé kó máa kà á. Ọmọ náà a kà á: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, ẹẹ́fà. Kò sí bí a ṣe ṣe é tí aárùn-ún fi wọ̀ ọ́ lórí. Ìyá mi a ní, "Ta ló jẹ aárùn-ún mi?" Ọmọ náà a bú sẹ́rìn-ín, a tún un kà, a tún fo aárùn-ún.

Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà la ṣe, àfi ọ̀kan.

Kì í ṣe èmi ni mo bí i. Àbúrò mi obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní, ló bí i, ó sì kú ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tí a fi máa sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn sí Ìbàdàn. Ìgbà Iléyá ló máa ń yà wò ó. Èmi ti lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ ní Awẹ́ láìbí ọmọ kan, mo sì ti kó ẹrù mi padà wálé. Èmi ni wọ́n gbé ọmọ náà lé lọ́wọ́. Kí n má purọ́, nínú ọ̀fọ̀ ńlá yẹn, inú mi dùn.

Ní ọjọ́ fídáù, ìyá mi yọ fọ́tò àbúrò mi kúrò lára ògiri. Ó ní ẹni ọmọ sin ló bímọ, ti òun ti bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ yẹn sí òun létí mọ́. A kò pè é mọ́ lóòótọ́. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ yọ, a ó ní "ẹni yẹn," a ó sì tètè kọjá. Ní àdúgbò, wọ́n ti ń fi orúkọ ọmọ náà pe èmi, pé èmi ni ìyá rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ń fi kẹ́ mi ni, àwọn tí kò mọ̀ rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí. N kò tún un ṣe fún ẹnì kankan. Ọmọ náà ń pè mí ní Mọ́mì, n kò sì fẹ́ kí ó pè mí ní ohun mìíràn títí ayé.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, mo mú un jókòó lórí ẹní níwájú ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ó sọ ti bàbá rẹ̀. Ó sọ Ìlọrà.

"Kí ni orúkọ ìyá rẹ?"

"Mọ́mì."

"Mọ́mì kì í ṣe orúkọ. Tó o bá sọnù sí Fìdítì, tó o ní Mọ́mì lò ń wá, ta ni wọ́n fẹ́ pè?"

Ó ronú sí i. "Kí ni orúkọ yín, Mọ́mì?"

Ó yẹ kí n dìde níbẹ̀, kí n lọ bá ìyá mi nínú ilé. Orúkọ àbúrò mi wà lẹ́nu mi, mo sì gbé e mì. Mo sọ orúkọ tèmi fún un. Ó pè é, ó tún un pè. Ọmọ tí aárùn-ún ń yọ lẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kíá ló mọ orúkọ mi. Mo ní kó tún un sọ. Kì í ṣe pé kò tíì mọ̀ ọ́n, ó dùn mọ́ mi létí ni. Ojú ń tì mí, síbẹ̀ mo tún ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní àárọ̀ Sátidé, oòrùn yọ díẹ̀, ìyá mi sì ń sá gbodo sórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Ọmọ náà to díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ìlà, ó ń ṣe bí àǹtí wọn. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn, ó sọ ti bàbá rẹ̀. Ó wá gbóhùn sókè, ó ní orúkọ ìyá òun ni báyìí, ó sì pe tèmi.

Ìyá mi nàró. "Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Mọ́mì ni."

Ìyá mi yíjú sí mi níbi tí mo ti ń fọṣọ. "Ìwọ lo bí i?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má pe orúkọ ẹni yẹn." Ohùn mi ti lọ sókè. "Kí lẹ fẹ́ kí n wá kọ́ ọ?"

"Mo ní kẹ́ ẹ má pè é sí mi létí. Mi ò ní kẹ́ ẹ gba ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ láyé."

"Ta ló ń gbé e pọ̀n nígbà tí ibà ń ṣe é? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè pe orúkọ ọmọ tẹ́ ẹ bí ni?"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Ìyá mi jókòó sórí àpáta, ó fa ọmọ náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ìdí ìró nu ojú. Ó wá pe orúkọ àbúrò mi, ó sì pe oríkì rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

"Ta nìyẹn, Màámà?"

"Ìyá rẹ ni. Òun ló bí ọ."

"Níbo ló wà?"

"Ó ti kú."

Ọmọ náà wò mí. "Mọ́mì ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni." Ìyá mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò fi gún mi lára, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Mo tẹrí mọ́lẹ̀, mo ń fọ aṣọ tó ti mọ́.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ìyá mi àti ọmọ náà jọ ń kọ́ orúkọ ìyá rẹ̀. Gbogbo ilé kún fún orúkọ yẹn. Ìyá mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ jẹ ẹja, pé ó máa ń sùn lórí ìrun. N kò bá wọn dá sí i. Láti àárọ̀ di alẹ́, ọmọ náà kò pè mí ní ohunkóhun. Bó bá fẹ́ omi, yóò kàn wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ní Mọ́ńdè, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Àwa òbí dúró lẹ́yìn kíláàsì. Nígbà tí wọ́n pè é, ó jáde, ó fa yẹ̀rì rẹ̀ sísàlẹ̀, ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Ó sọ orúkọ ìyá rẹ̀ ketekete, orúkọ àbúrò mi. Àǹtí wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, nítorí orúkọ tèmi ni mo kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ nígbà tí mo mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀. Ó rò pé ọmọ náà ṣìṣe ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó nàka sí mi.

"Ta wá nìyẹn?"

Ọmọ náà wò mí pẹ́. Mo rí i tó ń wá ohun tí yóò pè mí. Ó wá pe orúkọ mi gan-an, láìfi Mọ́mì síwájú, láìfi Àǹtí síwájú, bí mo ṣe kọ́ ọ lórí ẹní.

"Ó mọ̀ ọ́n," ni àǹtí wí. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.