Òdòdó Imí Eṣú

Ọjọ́ tí olùkọ́ wa ní kí a mú ewéko olódòdó wá sí kíláàsì kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ayọ̀bọ̀ ni mo ti já tèmi. Ara igi rẹ̀ nírun wẹ́wẹ́, òdòdó rẹ̀ sì dà bí òwú aláwọ̀ àlùkò. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí pátákó láìfi àmì ohùn sí i: imi eṣu.

Ṣadé, ọmọ pásítọ̀, kà á sókè: “Imí Èṣù.”

Gbogbo kíláàsì sá, ó ku èmi àti òdòdó mi.

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí. “Eṣú tó ń jẹ oko ni jàre. Fi àmì sí i, kí wọ́n lè padà wá jókòó.”

Mo fi í sí i. Ṣadé ló kọ́kọ́ padà. Ó gbóòórùn ewé náà, ó yímú.

“Òórùn Èṣù ló ń rùn ṣá.”