Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Dá Lámèyítọ́ Kọ́míìkì Lóhùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó dáadáa, torí ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá yìí, ẹ̀rín rẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu mi!

Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn àwọn kọ́míìkì ìfẹ́ tí àwọn ará Kòríà ń yà, èyí tí a máa ń fi ìka tì sókè lórí fóònù. Ọ̀kan wà tí mò ń kà lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì àti lọ́yà kan ló fẹ́ra wọn, àmọ́ ìyá tó bí lọ́yà yẹn kọ̀ jálẹ̀, kò ní jẹ ohunkóhun tí ọmọbìnrin náà bá sè. Háà, mo sunkún!

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá ọkọ mi dé láti Abẹ́òkúta, tí wọ́n wá bá wa gbé ní Parkchester, ní Bronx lókè òkun níbí. Ẹ má rò pé Màmá bú mi o. Wọn ò bú mi rí. Tíì àti búrẹ́dì ni wọ́n sáà ń jẹ. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á ní mo ṣeun, pé inú ń yọ àwọn lẹ́nu díẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má rò ó, wàhálà ọkọ̀ òfuurufú ni. Ọkọ̀ òfuurufú wo ló ń da inú èèyàn rú fún oṣù méjì?

Lọ́jọ́ kan, mò ń rẹ́rìn-ín sí fóònù mi, Màmá bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo fi àwòrán hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn! Tí episode tuntun bá ti jáde, Màmá fúnra wọn ló máa ń pè mí láti kíṣìnnì. Wọ́n á bú lọ́yà pé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àmọ́ tí ìyá lọ́yà bá ti yọjú, wọ́n á dákẹ́. Èmi á sì yára fìka tì í sókè.

Nígbà tí kọ́míìkì náà lókìkí, àwọn lámèyítọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ review nípa rẹ̀. Àwọn kan yin àwòrán rẹ̀ gan-an. Àwọn mìíràn ní ìtàn náà ti dùn jù, bí ìgbà téèyàn da ṣúgà sínú oyin. Ilé ìkàwé kan ní Bronx wá pe ọ̀kan nínú wọn pé kó wá bá àwa òǹkàwé sọ̀rọ̀ ní Sátidé yẹn. Kí n tó ní mo fẹ́ lọ, Màmá ti wọ bàtà!

Ẹni jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin lámèyítọ́ náà. Ó ní àwòrán dára, ìfẹ́ inú ẹ̀ dùn, ìyá lọ́yà nìkan ni kò jọ èèyàn gidi. Ìyá wo ló máa febi pa ara rẹ̀ torí pé kò fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀?

Màmá bi mí pé kí ló sọ. Mo túmọ̀ ẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe nawọ́ sókè! Wọ́n dìde, wọ́n tún síkáàfù orí wọn ṣe.

"Sọ fún un pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà. Èmi nìyí."

Mo túmọ̀ ẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Sọ fún un pé nígbà tí ọmọ mi mú ìyàwó yìí wálé, mo rò pé ó fẹ́ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi ni. Látìgbà tí mo ti dé, mi ò jẹ oúnjẹ rẹ̀. Inú kankan ò yọ mí lẹ́nu! Òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ tó ń wù mí jẹ ló ń yọ mí lẹ́nu."

Ẹ gbà mí! Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ìyẹn lójú gbogbo èèyàn? Mo rọra sọ lédè òyìnbó pé Màmá ní ọbẹ̀ mi ń ta sánsán.

Wọ́n gbá mi lápá. "Mo gbọ́ òyìnbó díẹ̀ o, ìyàwó. Sọ gbogbo ẹ̀."

Wọ́n gbọ́ òyìnbó! Látọjọ́ yìí! Mo bá sọ gbogbo ẹ̀, tẹ̀rín tẹkún. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí na tíṣù sí mi. Lámèyítọ́ náà pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ṣì rò pé ìtàn náà dùn jù, àmọ́ òun kó ọ̀rọ̀ tí òun sọ nípa ìyá lọ́yà jẹ. Màmá ní tó bá dùn jù fún un, kó mu omi sí i!

Nígbà tá a délé, kí n tó bọ́ kóòtù, Màmá ti jókòó sí tábìlì. Wọ́n jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, wọ́n ní kí n bù sí i. Ọkọ mi wọlé, ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Màmá ní kó lọ bu tiẹ̀ ní kíṣìnnì, kó má dí àwọn lọ́wọ́, ìyàwó àwọn ń ka kọ́míìkì fún àwọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dákẹ́ sí wa ló kórìíra wa. Àwọn mìíràn ò kàn mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló sọ ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín dọ̀rẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má fọ̀kankan pa mọ́ o, torí Màmá ti sún mọ́ mi lórí àga, wọ́n ní tiyín ló kàn tí n máa kà!