Ọba Inú Eré Wa Kò Dé Adé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa lọ́jọ́ tí Kábíyèsí wá wo eré. Ọ̀rọ̀ aṣọ àti fìlà ni, àmọ́ mi ò tíì mọ̀dí ẹ̀ tán títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà Yorùbá ni mí. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, àmọ́ ìlú kékeré kan tó wà lọ́nà Ayépé ni mo ti ń kọ́ni. Ẹ sì mọ̀ pé ìbéèrè mi pọ̀. Màmá mi, Alhaja, máa ń sọ pé tí mo bá dé àlùjánńnà, màá kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó kun géètì ẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn jàre!

Ní táàmù tó kọjá, mo bẹ pirínsípà wa títí kí wọ́n tó gbà ká ṣe eré orí ìtàgé níbi ayẹyẹ òpin ọdún. Pirínsípà wa ò fẹ́ràn wàhálà rárá. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún mi lójú gbogbo tíṣà pé tí eré yìí bá fi lè kó ìtìjú bá ilé-ìwé, àwọn ò ní gbọ́ orúkọ eré mọ́ níbẹ̀. Mo ní kò séwu.

Ìtàn ọba kan ni èmi àtàwọn ọmọ SS2 jọ kọ. Ọba náà ń gba ilẹ̀ oko mọ́ àwọn ará ìlú lọ́wọ́, títí ìlú fi kẹ̀yìn sí i. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun ló ń ṣe ọba. Tẹ́ ẹ bá bi Ṣẹ́gun yìí ní ìbéèrè ní kíláàsì, ẹnu ẹ̀ á wúwo, á máa wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé adé báyìí, ohùn ẹ̀ á yí padà! Tíṣà iṣẹ́ ọnà ló bá wa fi páálí ṣe adé náà. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lára, ó tún so ìlẹ̀kẹ̀ wéwé rọ̀ síwájú ẹ̀ kó lè bo ojú ọmọ náà.

Lọ́jọ́ kan, pirínsípà wá fi ẹ̀rín wọlé bá wa. Wọ́n ní Kábíyèsí ìlú ti gbà láti wá síbi ayẹyẹ wa. Inú gbogbo wa dùn. Nígbà tó kù bí ọ̀sẹ̀ kan, Olóyè kan wá láti ààfin láti wo ibi tí Kábíyèsí máa jókòó. Wọ́n wo àga, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, ni ojú wọn bá bọ́ sára adé páálí tó wà lórí tábìlì.

Wọn ò bínú o. Wọ́n kàn dúró tì í ni, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n bi mí pé ta ló ń gbé e lé ọmọ náà lórí. Mo ní òun fúnra ẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣé ó máa ń wo inú ẹ̀ kó tó dé e? Mo ní bóyá ni kò ní máa wò ó. Wọ́n mi orí. Wọ́n wá ń ṣàlàyé pé ọba gan-an kì í wo inú adé ẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gbé e lé e lórí. Tí Kábíyèsí ò bá sí níbẹ̀, ká máa fi páálí wa ṣeré, kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n níbi tí Kábíyèsí bá jókòó sí, adé kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àti ìrùkẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìlẹ̀kẹ̀ ọba àti bàtà ọba náà ò gbọ́dọ̀ sí lára ẹlòmíì.

Mo ní, "Baba, páálí mà ni o."

"Mo rí i pé páálí ni," Olóyè dá mi lóhùn. "Tíṣà, ìwọ dé e kí n wò ó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, páálí tí mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé e! Mo na ọwọ́ sí i, ọwọ́ náà ò sì dé ibẹ̀.

Bí Olóyè ṣe lọ tán, pirínsípà ní ó parí, kí àwọn ọmọ lọ kọ́ ijó dípò eré. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ wọ̀nyí ti fi gbogbo táàmù ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní tí mo bá lè ṣe ọba tí kò ní nǹkan ọba kankan lára, kí n ṣe é, ṣùgbọ́n kí n rántí ohun tí àwọn sọ. Ewo wá ni ọba tí kò ní adé? Báwo làwọn èèyàn ṣe máa mọ̀ pé ọba ni?

A dán an wò. Ṣẹ́gun wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ó dé fìlà funfun lásán, ó jáde. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ṣé dírẹ́bà ọba ni èyí ni? Ẹnu Ṣẹ́gun bá tún wúwo padà. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù màmá mi lọ́jọ́ náà, mo ro ẹjọ́ fún wọn. Aṣọ ni wọ́n ń tà n'Íjẹ̀bú-Òde láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, mo sì rò pé wọ́n máa sọ irú aṣọ tó lè gba ipò adé. Wọ́n ń ká léèsì lọ, wọn ò tiẹ̀ wò mí. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí adé ọba dáadáa rí láyé àwọn. Ó yà mí lẹ́nu, torí ọdọọdún lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n ń bá ẹgbẹ́ wọn lọ kí ọba! Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí ọba bá ń bọ̀, ta ló ń gbójú sókè? Ilẹ̀ làwọn ń wò.

Mo ní báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ̀ pé ọba ti dé?

"Ẹ̀yìn àwọn tó wà níwájú mi ni mo fi ń mọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń ká léèsì wọn lọ.

Ẹ gbọ́, inú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi lọ sílé ni mo ti pariwo. Ẹni tí kò yẹ la ti ń wọṣọ fún! Lọ́jọ́ kejì, mo ní ká fi Ṣẹ́gun sílẹ̀ nínú funfun ẹ̀. Àwọn yòókù la wá wọṣọ fún: agbádá, fìlà tó dúró dáadáa, bàtà tó ń dán. Tí Ṣẹ́gun bá wọlé, gbogbo wọn á ṣí fìlà, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Orí tirẹ̀ nìkan ni fìlà á kù sí. A dán an wò, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan nínú wọn wá bèèrè pé níparí, nígbà tí ìlú bá kọ ọba, ṣé wọn ò lè dé fìlà wọn padà lójú ẹ̀ ni? Mo ní ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Kábíyèsí jókòó níwájú pẹ̀lú adé àti ìrùkẹ̀rẹ̀ wọn, Olóyè dúró tì wọ́n, pirínsípà ń làágùn. Eré bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ́gun wọlé, àwọn ìjòyè orí ìtàgé ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n kígbe pé "Kábíyèsí o!"

Ẹ wo nǹkan! Àwọn bàbá tó jókòó lẹ́yìn, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, gbọ́ "Kábíyèsí", wọ́n rí ẹ̀yìn àwọn tó dọ̀bálẹ̀, wọ́n rò pé ọba ló dìde. Làwọn náà bá ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Àwọn ìyá kúnlẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ìdajì gbọ̀ngàn ti wà nílẹ̀.

Ta ló máa wá dá wọn lóhùn? Tí a bá kí ọba, ìrùkẹ̀rẹ̀ ló ń dáni lóhùn, kéèyàn tó dìde. Ṣẹ́gun gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè bó ṣe máa ń ṣe, ó rántí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Pirínsípà wò mí. Mo mọ̀ pé eré ti tán ní ilé-ìwé yẹn.

Kábíyèsí bá rọra gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ wọn sókè láti ibi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n jù ú lẹ́ẹ̀kan. Olóyè wo ojú Kábíyèsí, wọ́n bá wọn ké e pé, "Ọba ń kí yín o."

Gbogbo èèyàn dìde. Ṣẹ́gun sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, ohùn ẹ̀ sì yí padà bíi tìgbà tó ń dé adé. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kí ọba orí ìtàgé, ìrùkẹ̀rẹ̀ Kábíyèsí ló ń dáhùn. Omijé bọ́ lójú mi lẹ́yìn kọ́tìnnì tí mo wà.

Àfi ìgbà tó di òpin. Ìlú kọ ọba. Àwọn ìjòyè dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé fìlà wọn padà lójú Ṣẹ́gun, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Gbogbo ojú yí sí ọwọ́ Kábíyèsí. Ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lórí itan wọn, kò mira.

Eré parí. Kábíyèsí dìde, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ètò pé wọ́n máa sọ, wọ́n sì lọ. Pirínsípà ò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo gba kámú.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Olóyè ló jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní Kábíyèsí rán àwọn sí mi.

"Kábíyèsí ní nígbà tí àwọn ọmọ yẹn dé fìlà wọn padà, ẹ̀rù ba àwọn. Wọ́n ní kí ẹ wá ṣe é lójú ààfin lọ́dún tó ń bọ̀, kí gbogbo àwa ìjòyè lè wò ó."

Pirínsípà yára sọ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti fẹ́ràn eré. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ẹni tó wọ aṣọ kọ́ ló ń fún aṣọ lágbára, àwa tí à ń wò ó ni. Àwa náà la sì lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà parí sí, torí pé adé páálí yẹn ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo fi aṣọ bò ó. Nígbà míì tí kò bá sẹ́nì kankan ní kíláàsì, màá ṣí i wò. Kò sí ẹni tó ń wò mí, páálí àti gọ́ọ̀mù lásán sì ni, síbẹ̀ mi ò tíì wo inú ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé aṣọ kan wà tí ọwọ́ yín ò gbà láti wọ̀, kódà kó jẹ́ fún eré? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí. Tẹ́ ẹ bá sì rò pé ẹ lè dé adé yìí, ẹ wá. Èmi á dúró síta.